Bí A Ṣe Ń Tọ́ Òwò Ẹ̀yà Ẹ̀rọ Kéékèèké Nígbà Tó Bá Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Tóbi

Inú páálí bàtà kan ni gbogbo ọjà mi wà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta rẹsísítọ̀ (ohun wẹ́wẹ́ tó ń dín agbára iná kù), sẹ́ńsọ̀ àti Arduino (pátákó kékeré tí a ń kọ ètò sí kó lè darí ẹ̀rọ) láti Ìbàdàn fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ dárà. Ẹni mẹ́ta sí mẹ́rin ló máa ń ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀. Mo mọ orúkọ wọn, mo mọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ọjà ṣe. Bí wọ́n bá mú iná lọ pàápàá, mo lè na ọwọ́ mú ohun tí mo ń wá. Nígbà tí ọ́dà di ogún lọ́sẹ̀, tó ń sáré lọ sí ogójì, mo ní mo ti là. Mò ń di ẹrù lóru, mò ń sá lọ sí gáréèjì lọ́sàn-án, síbẹ̀ owó tó ń kù lópin oṣù kò tó ti ìgbà páálí bàtà.

Ibi tí owó náà ń gbà jáde ni mo fẹ́ fi hàn yín, àti bí ẹ ṣe lè dí i. Ọwọ́ ni: ọwọ́ tó ń ka ọjà, tó ń fi mítà tí a fi ń wọn iná wò ó, tó ń dì í, tó ń kọ orúkọ sí i. A máa ń lé owó lé ọjà, a kì í lé owó lé ọwọ́. Bí òwò bá kéré, ẹ kò ní mọ̀ ọ́n lára.

1. Ẹ ka ìṣẹ́jú yín kí ẹ tó ka owó yín

Ẹ fi aago fóònù yín ka ọ́dà kan, láti ìgbà tí oníbàárà bá ti kọ "ẹ káàárọ̀ o" títí dé ìgbà tí ẹrù bá kúrò lọ́wọ́ yín. Ká ní ẹnì kan fẹ́ rẹsísítọ̀ márùn-ún, ₦20 ẹyọ kan. ₦100 ni gbogbo rẹ̀. Ẹ ó fèsì lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ẹ ó wá a, ẹ ó kà á, ẹ ó fi mítà wò ó, ẹ ó kó o sínú ọ̀rá, ẹ ó kọ nọ́ńbà sí i. Bí èyí bá gba ogún ìṣẹ́jú, ẹni mẹ́ta péré lẹ lè dá lóhùn ní wákàtí kan, ₦300 ló sì wọlé, kí a tó yọ owó ọjà, owó ọ̀rá àti owó dátà. Ẹni tó ń yan àgbàdo lẹ́bàá títì ń pa jù yín lọ.

Oògùn rẹ̀ ni kí ẹ má ta ẹyọ mọ́. Ẹ máa ta á ní ogún-ogún tàbí àádọ́ta-àádọ́ta, kí ẹ sì ti dì í sílẹ̀ ní alẹ́ tí iṣẹ́ kò bá pọ̀, kó jẹ́ pé bí ọ́dà bá dé, mímú ló kù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi iye owó tó kéré jù lọ lélẹ̀, iye tó jẹ́ pé bí ọ́dà kò bá tó o, ẹ kò ní gbé e. Àwọn kan yóò bínú. Tèmi bínú fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì padà wá, torí wọ́n rí i pé àpò ogún kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́n ju ẹyọ márùn-ún lọ.

Ẹ sì dín irú tí ẹ ń kó kù. Óòmù la fi ń wọn rẹsísítọ̀; 1k jẹ́ ẹgbẹ̀rún óòmù, 1M jẹ́ mílíọ̀nù. Nínú ètò iye rẹsísítọ̀ tí wọ́n ń pè ní E12, iye méjìlá ló wà láàárín 10 àti 100, méjìlá mìíràn láàárín 100 àti 1k, bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ. Láti 10 óòmù dé 1M, ó lé ní ọgọ́ta irú. Gbogbo wọn ni mo rà, ojú mi kò sì fẹ́ gbà pé mo ṣìnà. Àwọn tó ń rìn ni 220, 330, 1k, 4.7k, 10k àti 100k. Ìyókù ń jẹ ààyè. Bí ẹ bá fẹ́ kó wọn, ẹ kó wọn pọ̀ sínú àpótí àdàlú kan tí ẹni tó bá fẹ́ irú kan yóò ra odidi rẹ̀.

2. Ẹ fún gbogbo nǹkan ní ojúlé

Dúrọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ojúlé bí ilé ṣe ń ní in: A3-07, B1-12. Ojúlé yìí yóò wà lára dúrọ́ọ̀, lára ọ̀rá àti nínú ìwé Excel yín. Orí yín nìkan ló mọ ibi tí nǹkan wà báyìí, orí yín sì ni kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn lè ràn yín lọ́wọ́ lọ́la.

Ẹ má to àwọn tó jọra sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí ẹ bá to 1k sí ẹ̀gbẹ́ 10k, ọjọ́ kan ń bọ̀. Tèmi dé nígbà tí ẹnì kan dá àpò 10k padà tí mo fi ìkánjú jù ú sínú dúrọ́ọ̀ 1k. Olùkọ́ kan ra ọgọ́rùn-ún 1k fún àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ kí wọ́n fi tan iná LED. Iná náà tàn o, ṣùgbọ́n bí ojú ẹni tí oorun ń kùn ló rí. Ó ní àwọn ọmọ ti tú gbogbo wáyà tò lẹ́ẹ̀mẹta kó tó pè mí. Mo fi òmíràn ránṣẹ́, mo sanwó wébìlì lápò mi, mo bẹ̀bẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ohun tó bá jáde kò gbọdọ̀ padà sínú dúrọ́ọ̀ láì fojú kan mítà.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ ara rẹsísítọ̀ aláwọ̀ búlúù tó ní ìlà márùn-ún. Bí ẹ bá ka 1k láti ẹ̀yìn wá, 110 óòmù ni yóò pe ara rẹ̀ fún yín, ojú kò sì ní kọ̀ ọ́. Mítà nìkan ló lè parí ọ̀rọ̀.

Tìràǹsísítọ̀, ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń ṣí iná tó sì ń tì í, burú ju ìyẹn lọ. BC547 àti PN2222 jọ ara wọn bí ìbejì, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ ojú pẹlẹbẹ wọn sí ara yín, ẹsẹ̀ tó jẹ́ kòlẹ́kítọ̀ lára ọ̀kan ni émítà lára èkejì. Èyí tó tún wá dun ni pé P2N2222A àti PN2222, tí orúkọ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, fi ẹsẹ̀ kọ ẹ̀yìn síra wọn. Ẹ ya ètò ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí bébà kékeré, kí ẹ fi sínú ọ̀rá. Ẹ kọ ọ́ síta bóyá ESP32 (pátákó bí Arduino, tó ní Wi-Fi) tí ẹ ń tà jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ 30 tàbí ẹlẹ́sẹ̀ 38, torí ẹni tó ti gbẹ́ pákó sílẹ̀ fún ọ̀kan kò lè lo èkejì. Nínú sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru, DHT11 sábà máa ń jẹ́ búlúù, DHT22 funfun. Ẹni tó fẹ́ wọn ooru inú fìríìjì tó ń sọ nǹkan di yìnyín kò lè gbẹ́kẹ̀ lé DHT11, torí púpọ̀ nínú wọn kì í ka ohun tó bá wà nísàlẹ̀ òdo.

Nígbà ọyẹ́, ẹ ṣọ́ra. Afẹ́fẹ́ gbẹ, ọ̀rá àti aṣọ a máa kó iná sára, ìwọ̀nba tí ẹ kò ní mọ̀ lára sì lè pa MOSFET, irú tìràǹsísítọ̀ kan. Ẹ fi àwọn chip sílẹ̀ nínú àpò dúdú-fàdákà tí wọ́n bá wá, kí ẹ sì fọwọ́ kan irin tó wọlẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn wọ́n.

Fún àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tó pọ̀, ẹ ra ìwọ̀n kékeré irú èyí tí àwọn oníwúrà ń lò. Ẹ ka àádọ́ta, ẹ gbé e lé ìwọ̀n, ẹ kọ iye rẹ̀ sára dúrọ́ọ̀. Láti ìgbà náà lọ, ìwọ̀n ni yóò máa bá yín kà.

3. Ìwé ọjà

Èyí kò gùn. Ìgbà tí owó bá wọlé ni ẹ ó yọ ọjà kúrò nínú ìwé, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá ń dì í. Mo ta ESP32 kan ṣoṣo tó kù fún ènìyàn mẹ́ta lóru ọjọ́ kan torí pé mo ní màá kọ ọ́ láàárọ̀.

Ẹ sì fi ìlà sí ibi tí ọjà bá kù dé tí ẹ ó ti ra òmíràn. Bí ẹ bá ń ta mẹ́fà lọ́sẹ̀, tí ẹrù sì ń gba ọ̀sẹ̀ márùn-ún kó tó dé, ọgbọ̀n ni yóò lọ kó tó dé. Ẹ fi ti ọ̀sẹ̀ méjì lé e nítorí ìdíwọ́ pọ́ọ̀tù. Bí ó bá ti ku méjìlélógójì, ẹ ti rà.

Ẹ má kéde ẹ̀dínwó tí ọwọ́ yín kò ká. SparkFun, tí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan dá sílẹ̀ ní Colorado ní 2003 kó lè máa ta irú ọjà wa yìí, ṣèlérí ọjà ọ̀fẹ́ tí iye rẹ̀ tó $100,000 ní 7 January 2010. Èrò ya bo ojúlé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì débi pé kò lè mí. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá méjì tó kọ́kọ́ ta kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n ń pè ní Raspberry Pi ní 29 February 2012 náà rí irú rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ ńlá, wọ́n ní òṣìṣẹ́. Ẹ̀yin ní fóònù kan.

4. Ríra ọjà: dọ́là, Ṣáínà àti ayédèrú

Ẹ fi dọ́là ṣe ìṣirò, kí ẹ fi náírà tà. Ní June 2023 tí wọ́n tú náírà sílẹ̀, dọ́là kan kò tíì tó ₦500 ní báńkì. Nígbà tó máa fi di February 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹni tó fi iye tó ra ọjà lé èrè díẹ̀ lórí, tó sì tà á tán, gba owó tí kò lè ra ìdajì ọjà náà padà. Ó tà, ó jẹ gbèsè. Nítorí náà, ẹ máa kọ iye dọ́là ohun kọ̀ọ̀kan sínú Excel, kí iye náírà máa yípadà bí ẹ bá yí nọ́ńbà kan ṣoṣo. Iye tí ẹ óò fi tún un rà lẹ ó fi tà á. Bí ẹ bá sọ iye fún oníbàárà, ẹ sọ ọjọ́ tí yóò parí fún un. Èmi a máa kọ ọ́ pé "ọjọ́ méjì", mi ò sì kí í yẹ̀ ẹ́ nítorí ojú àánú.

Ọ̀pọ̀ ọjà wa ń ti Shenzhen ní Ṣáínà wá. Ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà máa ń bọ́ sí ìparí January tàbí February, àwọn òṣìṣẹ́ a lọ sílé, ilé-iṣẹ́ a tì, nǹkan kì í sì padà sípò lọ́jọ́ kan. Ẹ ra ti oṣù méjì àkọ́kọ́ ọdún kí December tó wọlé. Nínú àwọn tó ń bá ni kó ẹrù, ojú òfuurufú ń gba owó kílò, ojú omi ń gba owó ààyè tí ẹrù gbà. Chip, sẹ́ńsọ̀ àti ESP32 fúyẹ́, owó wọn sì tó nǹkan: ẹ fi wọ́n gba òkè. Mọ́tò, páálí oníke àti breadboard (pátákó oníhò tí a ń gún wáyà sí) wúwo, kì í sì í bàjẹ́: ẹ fi wọ́n gba omi, kí ẹ gbàgbé wọn fún ìgbà díẹ̀.

Ayédèrú wá ń kọ́? Ó wà. Ní 2010, SparkFun yìí kan náà ra ATmega328, chip tó jẹ́ ọpọlọ Arduino, tó jẹ́ pé orúkọ ló wà lára rẹ̀, ohun tó yẹ kó wà nínú kò sí níbẹ̀. Ní 2014, FTDI, tó ń ṣe chip tó ń so ẹ̀rọ mọ́ USB, fi ìmúdọ̀tun Windows ránṣẹ́, gbogbo ayédèrú chip wọn tó bá a pàdé kò sì ríran mọ́. Ẹni tó ra ẹ̀rọ náà lọ́jà kò mọ nǹkan kan. Orí ẹni tó tà á fún un ló bọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn Arduino Uno alágbàṣe (èyí tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe ní àwòkọ) tó lo CH340, chip USB mìíràn, ju èyí tó ń pe ara rẹ̀ ní FTDI ní owó pọ́ọ́kú lọ. Ẹ kọ ọ́ gbangba pé alágbàṣe ni, ẹ sọ pé ó lè béèrè díráfà (ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá a mọ̀), ẹ tà á ní iye alágbàṣe.

Bí ẹrù bá dé, ẹ mú márùn-ún nínú àádọ́ta, láti ìsàlẹ̀, láti àárín, láti òkè. Ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ fi ètò Blink, tó ń mú kí iná rẹ̀ máa ṣẹ́jú, sí i. Bí ọ̀kan bá kùnà, ẹ yẹ gbogbo rẹ̀ wò lọ́jọ́ náà, kí àkókò tí ẹ lè fi bá ẹni tó tà á fún yín jà má baà kọjá.

5. Owó

Àwòrán àléètì kì í ṣe owó. Ẹ ṣí áàpù báńkì yín, kí ẹ rí i níbẹ̀. Àpò owó òwò àti àpò owó oúnjẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ó tán.

6. Dídì àti fífi ránṣẹ́

Ẹ ya ọjọ́ sọ́tọ̀. Èmi ń lọ sí gáréèjì ní Tuesday àti Friday, mo sì kọ ọ́ síbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i. Ẹni tó bá ń kánjú lè san owó ọ̀kadà. Kí n tó ṣe èyí, ojoojúmọ́ ni mò ń wọkọ̀ lọ sí Ìwó Road nítorí àpò kan, owó ọkọ̀ mi sì ń ju èrè inú àpò náà lọ.

Ẹsẹ̀ ESP32 a máa gún ọ̀rá lu. Ẹ gún ẹsẹ̀ náà mọ́ fóòmù kí ẹ tó dì í. Ẹ fi páálí tó le bò ó, torí abẹ́ àpò ìrẹsì ni dírẹ́bà máa ń gbé ẹrù kékeré sí. Lórí páálí, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ń gbà á, nọ́ńbà méjì rẹ̀, nọ́ńbà tiyín, àti gáréèjì tí yóò sọ̀ ọ́ sí. Ẹ gba nọ́ńbà dírẹ́bà, ẹ pè é níwájú rẹ̀ kó dún, ẹ ya fọ́tò ẹrù pẹ̀lú nọ́ńbà mọ́tò, ẹ fi ránṣẹ́ sí oníbàárà kí mọ́tò tó gbéra. Fọ́tò yìí ti parí ìjà fún mi ju bí mo ṣe lè kà lọ.

Bí ó bá jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ akẹ́rù lẹ ń lò dé ẹnu ọ̀nà, ẹ má gba "lẹ́yìn ilé pupa, ẹ béèrè ìyá oníbúrẹ́dì" ní àdírẹ́sì. Ẹ béèrè orúkọ òpópónà àti ibùdókọ̀ tó súnmọ́ ọn. Ìyá oníbúrẹ́dì lè ti kó lọ.

Bátìrì 18650 ní òfin tirẹ̀. Láti 1 April 2016, wọn kò gbà á láyè láti fi bátìrì lithium-ion lásán ránṣẹ́ bí ẹrù nínú ọkọ̀ òfuurufú tó ń gbé èrò. Ẹ má fi pamọ́ sí abẹ́ breadboard kí ẹ pè é ní ohun ìṣeré. Ẹ kọ ọ́ sí ara ọjà pé ojú títì nìkan ló ń gbà, ẹ lẹ téèpù dúdú àwọn oníná mọ́ orí àti ìdí rẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú ilé tirẹ̀, kó má baà sí irin kankan tí yóò so méjèèjì pọ̀.

7. Àwọn tó ń dá ọjà padà

Kí ẹ tó bínú, ẹ ka ohun tó ń padà wá. Tèmi, SIM800L, ẹ̀rọ kékeré tó ń lo síìmù fóònù, ló ṣáájú. "Ọ̀gá, kò dára, ó kàn ń kú ó ń jí." Nǹkan kan kò ṣe SIM800L. 3.4V sí 4.4V ló ń jẹ, bó bá sì ń wá nẹ́tíwọ̀kì, ó lè fa 2A lẹ́ẹ̀kan náà. Oníbàárà so ó mọ́ 5V Arduino, èyí tó ga jù fún un tí kò sì lágbára tó. Mo tẹ bébà kékeré kan, ìlà mẹ́rin ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, mo ń fi sínú ọ̀rá SIM800L kọ̀ọ̀kan, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta bátìrì 3.7V mọ́ ọn. Ẹjọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìkejì ni HC-SR04, sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn jíjìnnà, tí wọ́n so mọ́ ESP32 tààrà: 5V ni sẹ́ńsọ̀ ń dá padà, ESP32 kò fẹ́ ju 3.3V lọ. Bébà tirẹ̀ náà wà. Ohun tí ẹ bá ti ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí fóònù, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà.

8. Ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn òwò yìí

Púpọ̀ nínú oníbàárà wa jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá ní Ifẹ̀, Àkúrẹ́, Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga mìíràn. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń rántí pé ọ̀la ni wọn yóò gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀. Ẹ béèrè kàlẹ́ńdà ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ ti di àkópọ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ tó wọ́pọ̀: ilẹ̀kùn onínọ́ńbà, ẹ̀rọ tó ń bomi rin ewébẹ̀, táńkì tó ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ nìkan gbé òwò yín. Láti February dé October 2022, ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ tó ń tún ínfátà ṣe, tí mo ti ń fojú kéré nítorí pé MOSFET àti fíúsì nìkan ni wọ́n ń rà, ni wọ́n bọ́ mi lọ́dún náà.

9. Ọwọ́ kejì

Ẹ gba olùrànlọ́wọ́ ṣáájú kó tó rẹ̀ yín tán, torí ẹni tó ti rẹ̀ kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni. Kò di dandan kó jẹ́ ẹni tó mọ ẹ̀rọ. Ẹni tó ń fara balẹ̀ dára ju ẹni tó mọ̀ ọ́n jù lọ. Ẹ kọ́ ọ ní ojúlé dúrọ́ọ̀, mítà àti ìwọ̀n, ọjọ́ méjì ti tó.

Òfin kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ rú: ẹni tó kó ọjà kọ́ ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Bí òun bá kó o, ẹ̀yin ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ̀yin bá kó o, òun ni. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọ̀rá kan wá bá mi níbi tí mo ti ń jẹun. "Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, 1k ni wọ́n kọ síbí, mítà ní 10k." Ó rọra ń sọ ọ́, kó má baà jọ pé ó ń bá mi wí. Mo wo ìkọ̀wé ara ọ̀rá náà. Tèmi ni.